Ẹnu Marlowe Ló Gbé Ìwé Yìí Dúró: Ohun Tí Mo Rí Nínú The Big Sleep

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé mo fẹ́ràn ìwé yìí gan-an, àmọ́ nínú àwa mẹ́rin tá a jọ kà á, èmi àti ẹnì kan péré lọ̀rọ̀ wa jọra, àwọn méjì tó kù ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ mọ́. The Big Sleep ni, Raymond Chandler ló kọ ọ́, ọdún 1939 ló jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á láàárín oṣù kan. Ìgbà àkọ́kọ́ mò ń sáré wá apààyàn kiri inú ẹ̀, ìgbà kejì mo fara balẹ̀, mò ń gbọ́ ẹnu ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé mo ti kà á lódì tẹ́lẹ̀.

Peckham ní London ni mò ń gbé, sọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù ni mo ti rí i, pọ́n-ùn méjì péré, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ká, ẹnì kan sì ti fi bírò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kálẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé wọ́n kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé Dulwich College ni Chandler lọ. Dulwich yìí náà tí mò ń gba iwájú ẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì! Mo ti rò pé Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni bàbá yẹn. Chicago ni wọ́n ti bí i lóòótọ́ lọ́dún 1888, àmọ́ ìyá ẹ̀ gbé e wá sí ìlú òyìnbó níbí nígbà tó ṣì kéré, ibí ló ti kàwé kó tó padà sọ́hùn-ún. Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles, ipò ńlá ló sì wà, wọ́n lé e kúrò lọ́dún 1932, ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti ìtàn kíkọ. Ẹni àádọ́ta ọdún ni nígbà tí ìwé yìí jáde, òun sì ni ìwé ìtàn àròsọ gígùn tó kọ́kọ́ kọ. Ó hàn nínú ẹ̀ o, ẹni tójú ẹ̀ ti rí nǹkan ló ń sọ̀rọ̀.

Bí ìtàn ṣe lọ rèé ní kúkúrú. Philip Marlowe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ní Los Angeles, òun fúnra ẹ̀ ló ń ròyìn. Ó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí, wọ́n dá a dúró torí pé kì í gbọ́ràn sọ́gàá lẹ́nu. Dọ́là 25 ló ń gbà lójúmọ́, owó ìnáwó lọ́tọ̀. Bàbá olówó kan, Jẹ́nẹ́rà Sternwood, ránṣẹ́ pè é pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Geiger ń fi ìwé gbèsè tí Carmen ọmọ òun fọwọ́ sí halẹ̀ mọ́ òun kó lè rí owó gbà. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ òkú ti sùn. Gbogbo ẹni tí Marlowe bá sì pàdé ló ń bi í bóyá Rusty Regan ló ń wá, ìyẹn ọkọ Vivian, ọmọbìnrin bàbá yẹn àgbà, tó kàn dàwátì lọ́jọ́ kan. Mi ò ní sọ ibi tó já sí, torí ẹni tó fẹ́ kà á.

Ẹ ò ní ka jìnnà kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ìwé yìí jẹ́ tiyín tàbí kì í ṣe tiyín. Ilé gíláàsì tí wọ́n ń gbin òdòdó sí ni Jẹ́nẹ́rà ti gbà á lálejò. Ẹsẹ̀ bàbá yẹn ti kú, ara ẹ̀ ò mú ooru jáde mọ́, òtútù ò jẹ́ kó lè jókòó síbòmíì, àárín òdòdó yẹn nínú ooru bíi ti ìkòkò tó ń hó ló wà, ó fi aṣọ bora lórí àga onítáyà. Omi ń kán látòkè. Marlowe ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán, ó bọ́ kóòtù ẹ̀. Bàbá ò lè mu ọtí mọ́, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn ẹ̀, ló bá ní kí wọ́n gbé bíráńdì fún àlejò, ó ń wò ó bó ṣe ń mu ún, ojú ló fi ń bá a mu ún. Ó tún ní kó mu sìgá kí òun lè gbóòórùn èéfín. Mo gbé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Bàbá mi náà nígbà tí dókítà ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀ mọ́, wọ́n á ní ká wá jẹun tiwa níwájú àwọn. Ìyẹn ni mo rántí.

Wàyí o, ẹnu Marlowe. Ẹnu yẹn ò sinmi. Ohun tó bá rí, àfi kó fi wé nǹkan tẹ́nì kankan ò rò, ọlọ́pàá o, olówó o, jàgùdà tó gbé ìbọn dání o, gbogbo wọn ló ń dá àpárá sí bí ẹni tó jókòó nídìí ọpọ́n ayò. Vivian bú u pé kò níwà, ó gbà fún un lójú ẹsẹ̀, ọmọbìnrin yẹn ò rí ohun tó máa bá a jà lé lórí mọ́. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ò fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n ní ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ẹni tó bá ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí òkú, ọkàn ẹ̀ ti yigbì. Àárín ìwé ni wọ́n ti dá a padà fún mi. Mi ò bá wọn jà, torí tí ẹ bá ka ogún ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfiwé yẹn máa ń sú èèyàn, ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n da magí sí lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn dádì ọmọ mi kà á tán ní tiwọn, inú ni wọ́n fi kà á tán. Ta ló pa dírẹ́bà? Ìbéèrè wọn nìyẹn, títí dòní wọn ò yé bi mí. Dírẹ́bà Sternwood, Owen Taylor, wọ́n bá a lókùú nínú ọkọ̀ lábẹ́ omi òkun, ìwé náà ò sì fún wa ní ìdáhùn tó fìdí múlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1946, èyí tí Humphrey Bogart ṣe Marlowe, wọ́n bi Chandler fúnra ẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n lọ gba owó mi padà ní sọ́ọ̀bù! Mo mọ ohun tó fà á. Ìtàn kéékèèké tó ti kọ sínú ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀, ti 1935 kan àti ti 1936 kan, ló rán pọ̀, ojú rírán yẹn sì hàn, ọ̀rọ̀ Geiger parí láàárín ìwé, ọ̀rọ̀ Regan wá gba ipò. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ torí kó lè mọ ẹni tó ṣe é, kí gbogbo kókó sì tú pátá, á bínú, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni.

Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gba tèmi. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, èyí tó jáde lọ́dún 1969, ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ilé ìwé, wọ́n ní àfi bíi pé Lápàdé ni wọ́n tún pàdé. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni Lápàdé náà, ọ̀rọ̀ tòun náà kún fún òwe. Wọ́n ní òwe ni tibí fi ń bo ara ẹ̀, àfiwé ni tọ̀hún, kí ayé má bàa rí i pé ó ń dùn wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi padà lọ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tó wá hàn sí ni ọ̀rọ̀ Harry Jones. Ọkùnrin kúkurú kan ni, kò ní láárí lójú ẹnikẹ́ni, ó wá ta àṣírí fún Marlowe ní dọ́là 200 torí obìnrin tó fẹ́ràn, Agnes. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Marlowe wà nínú yàrá kan, ó ń gbọ́ ohùn wọn ní yàrá kejì, Canino apààyàn ń bi Harry pé níbo ni Agnes wà. Ẹ̀rù ń ba ọmọ yẹn, ó dárúkọ àdírẹ́sì kan. Canino bu ọtí fún un bí ẹni pé ìjà ti parí. Májèlé ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tí Marlowe fi máa wọlé, ó ti kú sórí àga. Marlowe tẹ ibi àdírẹ́sì yẹn láago, wọn ò mọ Agnes kankan níbẹ̀. Irọ́ ni Harry pa, ó mu májèlé, kò tú obìnrin ẹ̀ fó. Gbogbo àpárá Marlowe dákẹ́ níbẹ̀. Ó bá òkú yẹn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó fi ìyìn fún un. Torí àpárá yẹn ti ń bá a bọ̀ látẹ̀yìn wá ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Mo pe àǹtí mi pé kí wọ́n kàn ka orí 26 yẹn nìkan, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Èyí tí mi ò ní gbè sí lẹ́yìn náà wà o. Marlowe gbá Carmen létí, ìwé náà sì ń kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa Geiger àti ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé, èébú gidi ni, kì í ṣe àpárá. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí Chandler jẹ́ kó sọ tinú ẹ̀ pẹ́ bí ó ṣe jẹ́ kí Jẹ́nẹ́rà sọ ọ́. Pé ó ti pẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ ò mú kó dáa, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ ẹ̀ kà mọ̀ kó tó rà á.

Èdè ẹ̀ náà ò rọrùn, Gẹ̀ẹ́sì ìgboro Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn ni, ìgbà míì mo máa ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ àwọn orí ẹ̀ ò gùn, 32 ni gbogbo ẹ̀, èèyàn lè ka ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì kó tó bọ́ọ́lẹ̀. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un, Harry Jones nìkan ló ni méjì níbẹ̀. The Long Goodbye, ìwé Chandler míì, ti ọdún 1953, ni mò ń wá báyìí, ẹni tó bá ní in ní Peckham tàbí Camberwell kó jọ̀ọ́ yá mi, màá dá a padà.