Àláàmù ọkọ̀ tó ń fi rímóòtù sítáàtì ẹ́ńjìnnì: ẹ ní kí ríwáyà yín tún sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ so

Àláàmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òun ni wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà tí wọ́n ń tà káàkiri Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, tí páálí rẹ̀ kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti wà nínú ọkọ̀ mi. Ẹ óò bá bréènì kékeré kan (àpótí tó ń darí àláàmù) nínú páálí náà, àti sáírìn, rímóòtù méjì, wáyà rẹpẹtẹ, iná pupa tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àti sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bí ẹnì kan bá gbá ọkọ̀ tàbí tó kan gíláàsì. Sẹ́ńsọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Corolla tòkunbọ̀ ni mo gbé e sí, ọ̀tọ́mátíìkì ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì ní chip (ẹ̀rọ kékeré inú kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ fi ń dá a mọ̀). Bí kọ́kọ́rọ́ tiyín bá ní chip, ẹ bi ríwáyà kẹ́ ẹ tó sanwó, torí wọ́n ní láti wá bí ọkọ̀ ṣe máa rí chip náà kí rímóòtù tó lè sítáàtì rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì ni, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ rárá: ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú jíà máa fò síwájú ni.

Mo gbádùn rẹ̀, kí n má parọ́. Láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á dáhùn, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ AC á ti mú ooru oòrùn kúrò lórí ìjókòó. Ilẹ̀kùn ń tì dáadáa. Ohùn sáírìn rẹ̀ ò kéré, gbogbo àdúgbò ló lè jẹ́rìí sí i. (Gbangba ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó o. Bí gáráàjì yín bá ní ilẹ̀kùn tó ń pa dé, èéfín ẹ́ńjìnnì lè pa èèyàn láìjẹ́ pé ó gbóòórùn ohunkóhun.)

Ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu ni pé bí rímóòtù bá ti sítáàtì ọkọ̀, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, àláàmù ṣì ń ṣọ́nà, sẹ́ńsọ̀ ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì oní-píísìtìn mẹ́rin tó wà ní sílò, tó ń yí nígbà 750 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ló ń jó epo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Rọ́bà ẹ́ńjìnnì sítì ló yẹ kó gba ìgbọ̀nrìrì yẹn mọ́ra, ẹ sì mọ bí rọ́bà tòkunbọ̀ ṣe máa ń rí. Mo pààrọ̀ tèmi. Ó dín kù, kò tán. Bí kọ́ńpírẹ́sọ̀ AC bá ti kọ́ báyìí, ara ọkọ̀ á ta gìrì, sáírìn á bú jáde, ẹ́ńjìnnì á kú. Agogo márùn-ún ìdájí ni èyí o.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n yí ìdè kékeré tó wà lára sẹ́ńsọ̀ wálẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, nítorí ìdè yẹn ló ń pinnu bí ìgbọ̀nrìrì ṣe máa pọ̀ tó kó tó ké. Àmọ́ ibi tí kò ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́, ibẹ̀ náà ni kò ti gbọ́ ìkúùkù lára gíláàsì. Kí wá la fẹ́ fi irú àláàmù bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ríwáyà kan tó mọṣẹ́ ló yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ríléè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ti 12 fóòtì (volt), ìyẹn súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń yí, irú èyí tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù wáyà. Sẹ́ńsọ̀ ní wáyà iná, wáyà ilẹ̀ (tó lọ sí irin ara ọkọ̀), àti wáyà tó fi ń ké sí bréènì. Ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà, tẹ́sítà ni kẹ́ ẹ lò. Wáyà tó fi ń ké yẹn ló gé: apá ti sẹ́ńsọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ríléè tó ní nọ́ńbà 30, apá ti bréènì lọ sí 87a. Ẹsẹ̀ 85 lọ sí ilẹ̀, 86 lọ sí wáyà ígíníṣọ̀n (tó ń ní iná bí ọkọ̀ bá wà ní títàn) pẹ̀lú fíúsì kékeré. Bí ígíníṣọ̀n bá kú, 30 àti 87a fara kan ara wọn, sẹ́ńsọ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá tàn, 30 á fò lọ sí 87, níbi tí a ò so nǹkan kan mọ́. Sẹ́ńsọ̀ lè ké títí, bréènì ò ní gbọ́. Súwíìṣì ilẹ̀kùn àti ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ò gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ṣì ń ṣọ́nà wọn lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni wáyà tí wọ́n ń so mọ́ 86. Wáyà rédíò rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ máa ń kú bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọkọ̀ ń gbọ̀n jù. Wáyà tí 12 fóòtì ò kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí sítátà ń yí ni kẹ́ ẹ wá, kó sì jẹ́ èyí tí bréènì àláàmù fúnra rẹ̀ ń fún níná. Àwọn kan tún ń gé iná sẹ́ńsọ̀ dípò wáyà tó fi ń ké. Kò bójú mu: bí iná bá padà dé, ó lè ta jí kó sì ké láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó ku ìjì ìkẹyìn tí ẹ́ńjìnnì máa ń jà bó bá ń kú. Ríléè á ti padà kí ara ọkọ̀ tó dákẹ́. Kápásítọ̀ kan (ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀), 4700 microfarad, 25 fóòtì, ni ríwáyà fi sí àárín 86 àti 85, ojú àmì ìròpọ̀ sí 86. Ó fi dáyódù 1N4007 (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) sójú wáyà tó ń bọ̀ láti ígíníṣọ̀n, ìlà funfun ara rẹ̀ kọjú sí 86, kí iná inú kápásítọ̀ má baà sá padà. Díẹ̀ báyìí ló fi ń di ríléè mú, díẹ̀ yẹn sì tó. Bí ẹnì kan bá yí ojú kápásítọ̀ padà, kápásítọ̀ náà lè bú gbàù.

Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ o. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tó fọ́ gíláàsì láìṣí ilẹ̀kùn lè mú báàgì lọ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, torí náà mi ò fi báàgì sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún rí i pé wọ́n so wáyà bíréèkì mọ́ bréènì, kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí ẹnì kan tí kò ní kọ́kọ́rọ́ bá tẹ bíréèkì. Àwọn tó ń so ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjà sábà máa ń fo wáyà yìí.

Ní báyìí, mo ti yí ìdè sẹ́ńsọ̀ padà sí àárín. Tírélà tó bá kọjá lóru ṣì lè mú un ké, àrá náà ńkọ́, ìyẹn ò ní egbòogi. Mo fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Ká ní wọ́n fi ríléè yẹn sínú páálí ni, mẹ́rin ni ì bá gbà.