Rífíìlì tónà l'Ágbowó: iṣẹ́ tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó

Tààrà ni mo fẹ́ sọ ọ́: bí tónà yín, ìyẹn ike tó ń gbé pọ́dà dúdú sínú pírintà, bá jẹ́ ojúlówó, tí drum inú rẹ̀, róòlà tó ń yí pọ́dà sórí pépà, sì mọ́, ẹ rífíìlì rẹ̀, kí wọ́n rọ pọ́dà míì sí i, ẹ má tíì ra tuntun. Àmọ́ ẹ mọ ẹni tí ẹ máa gbé e fún. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní rífíìlì nílùú Ìbàdàn yìí, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ń fi owó sílẹ̀ sápò yín, èkejì ń ba ìwé oníwèé jẹ́, ó sì ń ba pírintà jẹ́ mọ́ ọn.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àgbowó, ọ̀kánkán géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Taìpù, ìwé títẹ̀, fọ́tòkọ́pì àti dídi project ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ń kó project sílẹ̀, a kì í ráyè jókòó. Pírintà HP LaserJet P1102 ni mo gbára lé jù, tónà 85A ló ń lò. LaserJet 1020 kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi náà ṣì ń ṣiṣẹ́, 12A ni tirẹ̀.

Mi ò ní kọ iye náírà síbí. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó ọjà yìí wọlé, iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé ni pé owó tí mo máa fi ra ojúlówó 85A kan, mo lè fi rífíìlì rẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kí n sì pààrọ̀ drum láàrin rẹ̀. Fún ẹni tó ń tẹ̀wé fún àwọn ọmọ iléèwé, tí ẹlòmíì ń dúnàádúrà lórí ojú ìwé kan ṣoṣo, èrè ọjà ló wà nínú ìyàtọ̀ yẹn.

HP fúnra rẹ̀ sọ pé 85A á tẹ nǹkan bí 1,600 ojú ìwé, 12A á tẹ bíi 2,000. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bá onírífíìlì jà láìnídìí nìyí. Ojú ìwé tí pọ́dà bo bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn. Lẹ́tà lásán, tàbí project tó fàyè sílẹ̀ láàrin ìlà, kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ìwé ìkéde ìsìnkú tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀, tí fọ́tò bàbá wà láàrin gbàgàdà, ẹyọ kan rẹ̀ lè jẹ pọ́dà tí lẹ́tà mẹ́wàá máa jẹ. Ẹni tó bá ń tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má bá ẹni tó bá a rọ tónà wíjọ́ pé ó tètè tán.

Ìnkì kọ́ ló wà nínú tónà. Pọ́dà ni, ike tí wọ́n lọ̀ kúnná gan-an, tí wọ́n pò mọ́ èròjà dúdú. Pírintà ń fi agbára iná mànàmáná lẹ pọ́dà yìí mọ́ drum, drum á yí i sórí pépà, ìgbóná tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde á wá yọ́ ọ mọ́ pépà. Kì í ṣe gbogbo pọ́dà tó wà lára drum ló ń lọ sórí pépà o. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, búléèdì rọ́bà kan wà tó ń fá a kúrò, á sì kó o sínú yàrá ìdọ̀tí kan tó wà nínú tónà níbẹ̀. Yàrá ìdọ̀tí yìí ni mo fi ń mọ onírífíìlì gidi. Ìdọ̀tí tónà ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe é láti gbà. Bí wọ́n bá ń rọ pọ́dà tuntun síbi tó yẹ, tí ẹnikẹ́ni ò da ìdọ̀tí nù, á kún bí ṣalángá tí wọn ò fà, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí pépà àti sínú ẹ̀rọ.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe tèmi wà lẹ́yìn ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, á ní kí n tẹ ojú ìwé kan jáde, á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni á fi irin tín-ín-rín ti píìnì ẹ̀gbẹ́ tónà méjèèjì jáde, tónà á wá là sí méjì, drum á wà ní apá kan, ilé pọ́dà á wà ní apá kejì. Bó bá ti yọ drum báyìí, aṣọ dúdú ló ń fi bò ó lójú ẹsẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba ojú drum jẹ́. Kì í fọwọ́ kan àárín rẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì ló ń dì mú. Á tú ìdè búléèdì, á da ìdọ̀tí sínú nylon, á wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá yàrá yẹn títí kọ̀rọ̀ rẹ̀ gbogbo á fi mọ́. Ibẹ̀ ni àsìkò ń lọ sí jù. Rírọ pọ́dà fúnra rẹ̀ kì í gbà á ní àkókò rárá, kì í sì í rọ ọ́ kún dénu, torí tónà tó kún jù máa ń jò.

Ọjọ́ kan, ó na búléèdì sí mi.

“Àǹtí, ẹ fọwọ́ ra etí ẹ̀ wò. Ó ti jẹ.”

“Ṣé kò lè bá wa dé ìparí oṣù ni?”

“Ó lè bá yín dé'bẹ̀ mà, ṣùgbọ́n á máa fa ìlà sójú ìwé. Tó bá sì pẹ́, á ha drum yín. Owó drum ju owó ẹ̀ lọ.”

“Ó dáa, pààrọ̀ ẹ̀. Èló ni?”

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ó fi ibi tó bàjẹ́ hàn mí kó tó dárúkọ owó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí drum bá ṣì lè rọ́jú, á sọ fún mi pé kí n má tíì náwó sí i.

Oríṣi kejì ni ti àwọn tó ń dá ihò lu. Wọn ò tú nǹkan kan. Wọ́n á fi irin gbígbóná lu ihò sára ilé pọ́dà, wọ́n á rọ pọ́dà síbẹ̀, wọ́n á lẹ ihò náà pa, ó parí. Ó yá, owó rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n wóró ike tó bọ́ síbi ihò ti bá pọ́dà lọ, ìdọ̀tí àná sì wà níbi tó wà. Nígbà tí ọmọ tiwa lọ sílé fún ayẹyẹ, ṣọ́ọ̀bù kan láàrin ìlú ló bá mi ṣe 85A kan. Ó tẹ̀wé, ó dúdú, ó wuni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba project rẹ̀ lọ, a ti dì í tán, ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú omijé lójú: bí sùpáfáísọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣí ìwé náà, lẹ́tà ń bá ìka rẹ̀ lọ. Pọ́dà tí ìgbóná P1102 ò lè yọ́ dáadáa ni wọ́n rọ sí i. Oríṣiríṣi ni pọ́dà, ti ẹ̀rọ kan ò bá ti òmíràn mu, bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ dúdú. Mo tún project náà tẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láìgba kọ́bọ̀, mo tún un dì. Nígbà tí mo gbé tónà padà fún àwọn tó ṣe é, wọ́n ní pírintà mi ló bàjẹ́. Tónà míì tí mo fi sínú pírintà kan náà lójú wọn tẹ ìwé tó mọ́ tónítóní, síbẹ̀ wọn ò dá owó mi padà. Ìwà yẹn ò dáa, ó sì yẹ kí àwa oníbàárà máa sọ ọ́ síta.

Ojú ìwé máa ń sọ ohun tó ń ṣe tónà, bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n kà. Àmì dúdú tó ń padà wá ní bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ààbọ̀ síra wọn, ara drum ló wà, torí ìwọ̀n tí drum fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ìlà tín-ín-rín látòkè délẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti búléèdì tàbí drum tó ti ha. Bí ojú ìwé bá ń ṣú lódindi, tó dà bíi pé wọ́n fi eéru pa á, ẹ bi wọ́n léèrè róòlà tó ń fún drum ní iná, ó lè jẹ́ pé wọn ò nù ún. Pọ́dà tó ń já bọ́ wóró wóró sórí pépà, yàrá ìdọ̀tí ni. Bí ẹ bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dání lọ bá onírífíìlì, kò ní lè fi ọ̀rọ̀ yí yín lórí.

Àwọn kan ń bi mí bóyá ayédèrú ni tónà tí a rífíìlì. Rárá o. Ọjà tí mo fowó mi rà ni, mo sì tún un lò. Ẹjọ́ irú ẹ̀ ti dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, láàrin Lexmark tó ń ṣe pírintà àti Impression Products, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta tónà tí wọ́n tún rọ. Ní ọdún 2017, àwọn adájọ́ ní bí ilé iṣẹ́ bá ti ta tónà, kò tún lè fi òfin páténtì, èyí tó ń dáàbò bo ohun tí èèyàn ṣẹ̀dá, lé ẹni tó rà á kiri nítorí pé ó rọ ọ́ padà. HP náà gbé Neverstop jáde ní 2019, ẹ̀rọ tí oníbàárà ń fọwọ́ ara rẹ̀ rọ pọ́dà sí. Ohun tó jẹ́ ayédèrú ni kí wọ́n rífíìlì tónà tán, kí wọ́n tì í padà sínú páálí ojúlówó, kí wọ́n tà á ní iye tuntun. Ìdí nìyí tí mo fi ń ya páálí tónà mi kí n tó jù ú nù. Àwọn tó ń wá páálí òfìfo rà kiri, mi ò ta fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra pírintà tuntun, ẹ fetí sí èyí. 12A kò ní chip rárá, ìyẹn ohun kékeré tí pírintà fi ń dá tónà mọ̀, òun ló rọrùn jù. Àwọn ẹ̀rọ HP tuntun kan ń yẹ chip wò, bí chip ilé iṣẹ́ mìíràn bá wà lára tónà, wọn ò ní tẹ̀wé. Bí ẹ bá rífíìlì ojúlówó tó jẹ́ tiyín, chip HP ṣì wà lára rẹ̀, HP sì ti sọ pé chip òun tí wọ́n tún lò kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń lé. Pírintà lè máa kọ ọ́ pé tónà ti tán, kó sì máa tẹ̀wé lọ. Èyí tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà fún irú iṣẹ́ wa ni àwọn tí “e” parí nọ́ńbà wọn, tí wọ́n ń pè ní HP+: wọ́n ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, ojúlówó tónà HP nìkan ni wọ́n sì ń gbà.

Ọ̀rọ̀ pàǹtírí wà lọ́kàn mi gan-an. Tónà kan jẹ́ ike, irin, rọ́bà àti pọ́dà papọ̀, kì í jẹrà. Èyí tí a bá jù sílẹ̀ l'Ágbowó, ààtàn Awótán tàbí ti Abà Èkú ló ń lọ, níbi tí iná ti ń jó ilẹ̀, tí àwọn tó ń gbé nítòsí ń fa èéfín rẹ̀ símú. Èyí tí kò bá dé ibẹ̀, gọ́tà ló wà. Ìlú tó rí Omíyalé Ògùnpa lóṣù kẹjọ ọdún 1980 kò yẹ kó máa kó ike sínú odò. Bí mo bá lo tónà kan ní ìgbà mẹ́rin, mẹ́ta ni mi ò jù nù yẹn.

Ìdọ̀tí pọ́dà náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tiwa ń lo ìbòmú, ó ń di nylon rẹ̀ pinpin, kì í sì í sún un mọ́ iná, torí eruku pọ́dà lè gbiná lójijì. Bó bá dà sí yín láṣọ, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á yọ́ ọ mọ́ aṣọ ni.

Drum ojúlówó 85A máa ń bá mi gba rífíìlì bíi méjì tàbí mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, lẹ́yìn náà mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé tí a tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ dúdú, ó mọ́, àwọn oníbàárà mi kì í mọ ìyàtọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣì ń lo ojúlówó tuntun fún ni ìwé tí fọ́tò pọ̀ nínú rẹ̀, torí dúdú rẹ̀ dọ́gba jù lójú mi.

Nínú márùn-ún, mo fún ọmọ yìí ní mẹ́rin. Ó pàdánù ẹyọ kan tó kù torí pé kì í kọ nǹkan sílẹ̀: ẹnu ló fi ń ṣèlérí pé bó bá bàjẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀, òun á tún un ṣe. Ó ń mú ìlérí náà ṣẹ o, àmọ́ mo fẹ́ ẹ lórí ìwé. Mo ti ní kó máa fi bírò kọ ọjọ́ tó rífíìlì àti ọjọ́ tó pààrọ̀ drum sára tónà kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn 85A mi, ó ku ti 12A.