Yorùbá tí mo kà ní Ifẹ̀: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ti lò ó

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kí ọmọ yín gbà á tí wọ́n bá fún un ní Yorùbá ní Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. OAU ni mò ń wí o, àwọn bàbá wa ṣì ń pè é ní Yunifásítì Ifẹ̀ torí 1987 ni wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Mo wọlé ní 2011, ọdún mẹ́rin ló yẹ kí n lò, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì 2013 nìkan jẹ lé lóṣù márùn-ún nínú ẹ̀.

Lọ́ọ̀ ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB. Ìgbà tí mo rí Yorùbá, mo sunkún, bọ̀ọ̀dá mi ní ṣé ohun tí màmá àgbà ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ni mo fẹ́ lọ sanwó kọ́.

Part 1, olùkọ́ wa pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó ní ká kọ ọ́: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà láìsí àmì kankan lórí wọn. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi báírò pupa kan ìwé mi, ó ní, "Èwo nínú ẹ̀ lo máa fi kọ ebè?" Mi ò lè dáhùn. Láíbìrì Hezekiah Olúwasanmí ni mo gbà lọ lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú mi sí, àtìgbà yẹn ni mo ti ń gbọ́ èdè mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ẹ̀.

Iṣẹ́ ò tètè yọjú, mi ò ní purọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan rí Yorùbá lórí CV mi, ó kàn tì í padà sí mi lórí tábìlì. Ó dùn mí gan-an.

Iṣẹ́ ìtúmọ̀ ni mò ń jẹ lónìí. Lọ́jọ́ kan à ń gba ohùn sílẹ̀ fún ìkéde oògùn, wọ́n kọ "igba meta lojumo" síwájú ọmọ tó ń kà á, kò sámì lórí ẹ̀, ló bá kà á bí ẹni ń ka 200! Mo ní kí wọ́n dúró, mo fi àmì sí gbogbo ẹ̀ pátá, a tún un gbà. Aláìsàn ló máa gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún un. Tí ọmọ yín bá gbà á, kó ti Part 1 kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tẹ àmì ohùn, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé wà níbẹ̀.