Gọ́ọ̀mù lára gbogbo aṣọ, tàbí létí nìkan?

Fún kíùtì (aṣọ ìbora onípele tí a rán pọ̀) tí a fi àjákù aṣọ ya àwòrán sí, gọ́ọ̀mù tí ooru áyọ́ọ̀nù ń yọ́, tó ń mú lójú méjèèjì, tó ní bébà lẹ́yìn, la ń lò. Fọ àǹkárá kí sítáàṣì rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Bó bá kù, gọ́ọ̀mù kò ní mú dáadáa.

Bí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ẹ̀yìn aṣọ, o lè gé àwòrán ewé tín-ín-rín, etí rẹ̀ kò ní tú. Ọ̀nà yìí nìkan la fọwọ́ sí fún àjákù aṣọ òkè Ìlọrin, torí kété tí a bá gé e ni òwú rẹ̀ ń yọ. Fi aṣọ funfun bò ó, nítorí òwú dídán a máa yọ́. Tẹ áyọ́ọ̀nù gbígbẹ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 8, má fà á. Jẹ́ kó tutù kó o tó ṣí bébà. Bí iná bá pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù á wọnú aṣọ, kò sì ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Níbi tí aṣọ bá ti ṣù lé ara wọn ní ìpele 3 tàbí 4, á le gbagidi, gọ́ọ̀mù á sì máa lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́.

Ti etí: ya àwòrán sórí bébà ní ìdàkejì, gé àárín gọ́ọ̀mù kúrò, ṣẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 kù yíká. Aṣọ á rọ̀. Àǹkárá tó fẹ̀ ló bá a mu, bí àwòrán ojú ọ̀run tàbí ti Òkè Sóbì, òkè tó wà ní Ìlọrin. Má lò ó fún ohun tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.