Signal ti ṣe tirẹ̀, òfin ló kù

Ẹjọ́ ọ̀daràn ni mò ń ṣe jù ní Àkúrẹ́ níbí, ọ́fíìsì mi kò sì jìnnà sí Alágbàká. Oníbàárà tó bá gbé ẹjọ́ wá, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó gbé Signal, áàpù tí wọ́n fi ń pe ara wọn tí wọ́n sì fi ń kọ̀wé síra wọn, sórí fóònù rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni. Àjọ tí kì í wá èrè ló ni ín, kò sì sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dára, ìpè á já gaara. Bí kò bá dára, ohùn á máa gé. Ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀ ni pé bí fóònù bá sọnù tí ẹ kò tíì ṣe bákọ́ọ̀pù, gbogbo ohun tí ẹ kọ lọ nìyẹn.

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba bi mí pé, "Lọ́yà mi, kí ni WhatsApp ṣe?" Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Mà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ níbẹ̀ náà wà ní títì. Ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àsìkò tí ẹ sọ ọ́, iye ìgbà tí ẹ pè é, ìyẹn ni mi ò fẹ́ kí wọ́n máa kó jọ." Ibẹ̀ gan-an ni Signal ti ta yọ. Ní 2016, ìwé àṣẹ wá láti Virginia ní Amẹ́ríkà pé kí Signal kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa nọ́ńbà 2 wá. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní àkáǹtì. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i àti ọjọ́ tó lò ó gbẹ̀yìn ni wọ́n rí fún ìjọba, torí pé wọn kò tọ́jú nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n bí Màmá yìí bá fi láìnì rẹ̀ pè mí lásán, láìlo Signal, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti kọ nọ́ńbà tó pè sílẹ̀, àti aago, àti iye ìṣẹ́jú, àti òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá to ìwọ̀nyí jọ á mọ̀ pé ó kúrò ní Arákalẹ̀, ó lọ sílé ìwòsàn, ó sì wá sọ́dọ̀ lọ́yà, láì gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀. Abala 38 nínú òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí fún ọdún 2, kí wọ́n sì kó o jáde bí agbófinró bá béèrè. Béèrè ni o! Abala náà kò ní kó kọ́kọ́ lọ bá adájọ́. Ti abala 39, èyí tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an, adájọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Kí ló dé tí ìrìn ẹsẹ̀ wa kò fi tó ohun tí adájọ́ ń wò? Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo àṣírí tẹlifóònù wa.

Mo mọ̀ pé àwọn ajínigbé ń dà wá láàmú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìwé kọ́ọ̀lù, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpè tí mo sọ yẹn, sì lè tọ́ka ibi tí wọ́n sá sí. Ìlànà NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ti 2019 ti rí sí irú èyí nínú ọ̀rọ̀ títẹ́tí sí ìpè: bó bá jẹ́ pàjáwìrì, agbófinró lè bẹ̀rẹ̀ láìgba wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ adájọ́, kí wọ́n sì tọ adájọ́ lọ láàárín wákàtí 48. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ìwé kọ́ọ̀lù náà. Ní 2018, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Carpenter, tí agbófinró gba àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù rẹ̀ wà fún ọjọ́ 127, adájọ́ 5 nínú 9 nílé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní wáráǹtì ló yẹ kí wọ́n gbà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn sí agbófinró kankan nínú ìlú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lo Signal, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kí ẹ fi nọ́ńbà yín pamọ́, kí ẹ sì yan PIN tí ẹ kò ní gbàgbé. Àmọ́ bó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ kọ̀wé sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ti ọ̀rọ̀ tó ń parẹ́ fúnra rẹ̀ yẹn, torí mo lè nílò rẹ̀ bí ẹ̀rí ní kóòtù.