Helios 44-2 pẹ̀lú ádápítà M42: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé

Tí a bá ti dárúkọ lẹ́ńsì àtijọ́, fókọ́ọ̀sì ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Fókọ́ọ̀sì kọ́ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ á mọ́ ọn láìpẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́ńsì tí kò ní wáyà kankan, tí kò lè sọ fún kámẹ́rà bí ihò inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, báwo ni kámẹ́rà ṣe fẹ́ mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí àwòrán nílò? Mo ti fi ádápítà (òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tí kì í ṣe tirẹ̀) lo lẹ́ńsì àtijọ́ Helios 44-2 lórí kámẹ́rà Sony A7 II pẹ́ tó láti fèsì: kámẹ́rà á mọ̀ ọ́n, á sì mọ̀ ọ́n dáadáa, bí ẹ bá ti jẹ́ kí ó wọn ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ihò náà wà níbi tí ẹ fẹ́ fi ya àwòrán gan-an.

Lẹ́ńsì 58mm f/2 ni. Ilẹ̀ Soviet ni wọ́n ti ṣe é, Biotar ti Zeiss ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ jẹ́ M42, èyí tí à ń yí wọlé bí ẹni ń dé ìgò. Ewé irin 8 ló ń pa ihò inú rẹ̀ mọ́, òrùka méjì ló sì ń darí wọn. Ọ̀kan ni ẹ fi ń yan nọ́ńbà, láti f/2, níbi tí ihò ti fẹ̀ jù, dé f/16, níbi tí ó ti kéré jù. Ìkejì ló ń ṣí ihò sílẹ̀ gbayawu tàbí kí ó pa á dé ibi nọ́ńbà tí ẹ yàn, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Òrùka kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo lẹ́ńsì náà. Màá ṣí i sí f/2 kí n lè rí fókọ́ọ̀sì kedere, màá yí i títí á fi dúró fúnra rẹ̀ ní f/5.6 tí mo ti yàn, ojú mi ò ní kúrò níbi tí mò ń wò. Ìgbà yẹn ni mítà kámẹ́rà, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ń ka ohun tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri tí ìmọ́lẹ̀ bà dọ́gba, kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) wà ní 100, kí kámẹ́rà wà ní A, kí ó lè máa yan shutter (iye àkókò tí ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀) fúnra rẹ̀. Ẹ wá máa pa ihò náà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí f/2 bá fún yín ní 1/1000, ó yẹ kí f/2.8 fún yín ní 1/500, f/4 ní 1/250, kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí f/16 á fi dé 1/15. Kí ẹ tún wo histogram àwòrán kọ̀ọ̀kan, àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú rẹ̀ hàn: ibi tí òkè rẹ̀ wà kò gbọ́dọ̀ rìn. Lórí tèmi, ó dúró síbi kan náà. Kìkì ní f/2 ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán ti ṣókùnkùn díẹ̀, ìwà lẹ́ńsì tí a ṣí tán nìyẹn, mítà kọ́ ló ṣe é. Bí shutter tí ẹ rí bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjì, ẹ má da ara yín láàmú. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára òrùka lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ihò tó wà nínú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ni kámẹ́rà ń wọ̀n, kò ka nọ́ńbà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mirrorless àti DSLR nìyí, ó sì yẹ kí a yé ara wa níbẹ̀. Nínú mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní jígí nínú bíi A7 II, sensor tó ń ya àwòrán náà ló ń wọn ìmọ́lẹ̀. Nínú DSLR, ìyẹn kámẹ́rà tó ní jígí nínú, jígí náà ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ gòkè lọ sí ojú pẹpẹ kékeré tí à ń wò láti ojú ihò ìwòran, òkè pẹpẹ yẹn sì ni mítà wà. Wọ́n ṣe pẹpẹ náà kí ó lè mọ́lẹ̀ dáadáa pẹ̀lú lẹ́ńsì zoom tó jẹ́ f/3.5 tàbí f/5.6, nítorí náà kì í ka ìyàtọ̀ f/2 àti f/2.8 bó ṣe yẹ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àṣìṣe náà kì í dúró lójú kan: ó ń yí bí ẹ ṣe ń yí òrùka. Ẹ ò lè kàn fi +1 tàbí -1 kan tún un ṣe kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Bí DSLR bá ni ẹ ní, ẹ tan live view, kí ẹ máa wo àwòrán lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Jígí á gòkè, sensor á gba iṣẹ́ wíwọn, wàhálà náà á sì parí. Àwọn tó ń lo DSLR Nikon tún ní ẹ̀dùn tiwọn: ààyè tó wà láàárín ìdí lẹ́ńsì àti sensor jẹ́ 46.5mm, ti M42 jẹ́ 45.46mm, ádápítà tí kò ní gíláàsì nínú kò lè jẹ́ kí lẹ́ńsì náà rí ọ̀nà jíjìn kedere. Ti Sony E, irú ìdí tí kámẹ́rà mi ní, jẹ́ 18mm péré, àlàfo 27.46mm tó ṣẹ́ kù ni ádápítà ń dí.

Ètò tí mo fi sílẹ̀ lórí kámẹ́rà kò pọ̀. Release w/o Lens gbọ́dọ̀ wà ní Enable, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kámẹ́rà á ní kò sí lẹ́ńsì lára òun, kò sì ní yà. Live View Display wà ní Setting Effect ON, kí ohun tí mò ń rí lójú rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí màá bá nínú fáìlì. Bí mo bá ń ya ènìyàn tó ń rìn, màá fi í sí M, níbi tí mo ti ń yan shutter fúnra mi, màá yan 1/125, màá fi ISO sí Auto. Òrùka ọwọ́ mi ló ń darí ihò, kámẹ́rà ló ń wá ISO. Ohun kan ṣoṣo tó léwu ni bọ́tìnnì AEL, èyí tó ń ti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ pa kí ó má yí mọ́. Bí ẹ bá ti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ pa nígbà tí lẹ́ńsì ṣí sí f/2, tí ẹ wá pa á dé f/8, ìdá 1 nínú 16 ìmọ́lẹ̀ náà ló máa wọlé. Òkùnkùn biribiri. Pa ihò ná, kí o tó ti mítà.

Mítà tó péye kò túmọ̀ sí pé ó mọ ohun tó ń wò. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló fẹ́ sọ di eérú tí kò funfun tí kò dúdú. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa tó wọ aṣọ funfun ni mo fi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí aṣọ bá gba inú férémù, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ènìyàn á sì rì sínú òkùnkùn. Bí mo bá fi Spot, ètò tó ń wọn ibi kékeré kan ṣoṣo, wọn ojú nìkan, ó tún fẹ́ mú ojú náà mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá wọn ojú pẹ̀lú Spot, màá dín in kù ní ìpele kan, màá wá tan zebra, àwọn ìlà tó ń hàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù, sí 100 kí n lè rí i bí aṣọ bá fẹ́ jóná. Àwọ̀ dúdú tó jinlẹ̀ tó sì ń dán ni Helios yìí ń fún mi nígbà náà. Ó tọ́ sí ẹni tí mò ń yà.

Ibi tí lẹ́ńsì náà ti ń kó bá mítà ni oòrùn tó bá kọjú sí i. Ohun tí wọ́n fi kun gíláàsì rẹ̀ kò tó ti òde òní. Ìmọ́lẹ̀ á tàn ká inú rẹ̀ bí ìbòrí, dúdú á di eérú, mítà á sì ka ìbòrí yẹn mọ́ ara ohun tó wà níwájú, á wá fún ènìyàn tó ṣẹ́yìn sí oòrùn ní ìmọ́lẹ̀ tí kò tó. Ádápítà mi dá kún un: inú rẹ̀ ń dán, bí oòrùn bá ti wọlé, àmì ìmọ́lẹ̀ kan máa ń jókòó sáàárín àwòrán. Mo lẹ aṣọ dúdú onírun mọ́ inú rẹ̀, àmì náà lọ. Ìbòjú lẹ́ńsì 49mm ló mú ìyókù rọrùn. Dídín dídán inú ádápítà kù jẹ́ nǹkan tó yẹ kí ẹni tó ṣe é ti ṣe, mi ò sì ní dárí rẹ̀ jì í.

Ẹ̀yin tó ń lo M42 tó ní pín-ìn-nì kékeré lẹ́yìn, bíi Helios 44M, ẹ ra ádápítà tó ní etí tó ń tẹ pín-ìn-nì náà wọlé, tàbí kí ẹ fi bọ́tìnnì ara lẹ́ńsì sí M. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò á wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo. Ìmọ́lẹ̀ àwòrán á ṣì pé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè fura. Ẹ̀yìn àwòrán tí kò kedere ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Kò sí nọ́ńbà ihò nínú EXIF, àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà ń fi sínú fáìlì àwòrán, rárá, nítorí náà mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi.

Ní ti rírà, ẹ má sá fún èyí tí òróró díẹ̀ wà lára ewé irin rẹ̀. Ọwọ́ ló ń pa ihò 44-2, kì í ṣe síprìngì, nítorí náà òróró yẹn kò ba ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Èyí tí ẹ ó sá fún ni èyí tí òróró náà ti di kùrukùru sójú gíláàsì inú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí ẹ wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Bí ó bá fún yín ní eérú dípò kí ó mọ́ gaara, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.