Páìpù róbà àbí ẹ̀ka igi: èwo ló ń kó ẹja jọ jù?

Ẹ̀ka igi ni mo kọ́kọ́ rì sómi kí ẹja lè máa kóra jọ síbẹ̀ kí n fi ìwọ̀ pa wọ́n o, torí ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa dì í pọ̀, ẹ so òkúta mọ́ ọn, ẹ jù ú sómi. Kì í pẹ́ tí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn fi máa bò ó, kòkòrò á wá jẹ ẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ á wá jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á tẹ̀lé wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé igi máa ń jẹrà, ìwọ̀ sì máa ń há sí i ṣáá, ó ti gba ìwọ̀ lọ́wọ́ mi tó!

Páìpù ní tiẹ̀ kì í jẹrà, ìwọ̀ kì í sì í sábà há sí i. Ẹ po sìmẹ́ǹtì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù, ẹ ki àwọn páìpù náà bọ̀ ọ́ kí wọ́n yà síbí yà sọ́hùn-ún bí ẹ̀ka, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ lu ihò sí wọn lára kí afẹ́fẹ́ lè jáde kómi sì wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè léfòó. Ara ẹ̀ máa ń dán jù sha, ẹ fi sáńpépà ha á.

Tó bá jẹ́ pé kíá ni mo fẹ́ kẹ́ja wá, igi ni màá mú, tó bá jẹ́ ti ọlọ́dún gbọọrọ, páìpù ni. Ẹ ṣáà gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni omi o.